Garnet Lórí Bẹ́ńṣì

Zelena, Saskatchewan
2 Oṣù Kẹwàá, 1983

Lesia, ọmọ mi,

Ó di ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì lónìí tí mo sìn ọ́ dé pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí o sì padà sí Melbourne. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù fún ọ ní ilé ìwòsàn yẹn? Bá mi kí àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ nígbà tí Màmá rẹ kú. Mo tò ó sórí fèrèsé ilé ìdáná, ó ṣì wà níbẹ̀.

A ṣe ìsìn ogójì ọjọ́ Màmá rẹ ní ogúnjọ́ oṣù tó kọjá. Àlùfáà pẹ́ kó tó dé nítorí táyà ọkọ̀ rẹ̀ jò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n a ṣe é, a sì ṣe é dáadáa. Àǹtí rẹ Stefka fi ewé kábéèjì di ìrẹsì, ó sè é bí Màmá rẹ ṣe máa ń sè é. Mo jẹ mẹ́ta. Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí mo mọ̀ pé òun ni o máa kọ́kọ́ bèèrè.

Má bínú pé n kì í gbé fóònù. Ariwo ẹ̀rọ ibi àká ọkà tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ ti ba etí mi jẹ́. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé inú àgbá lo wà. Lẹ́tà ló dára fún wa.

Garnet ti padà wá. Ìyàwó Nestor, tó ń wá ilé fún àwọn eléré tí ilé òbí wọn jìn, ti wá bá mi kí oṣù kẹjọ tó parí. Ó ní bí n kò bá lè dá bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àwọn á fi í sí ilé mìíràn. Kí n tó fèsì, Garnet fúnra rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àpótí rẹ̀ àti igi họ́kì mẹ́ta. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì láti àríwá.

Ó ní, "Gido, ṣé yàrá mi ṣì wà?" Bí àwọn ọmọdé wa ṣe ń pe bàbá àgbà ló ṣe ń pè mí.

Mo ní, "Ta ni ìbá ti gbà á?"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gòkè lọ, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi jẹun alẹ́. Nínú gbogbo eléré mẹ́rìnlá tí Màmá rẹ gbà sílé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun ló dákẹ́ jù. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì ga ju ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ.

Ní ti ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín wa, àwọn Apakà, kóòṣì tuntun tí a gbà, Skaar, ti lé àwọn ọmọ kékeré mẹ́fà, ó sì mú ọmọ ogún ọdún mẹ́rin wá, àwọn tí òfin líìgì kò ní gbà mọ́ lẹ́yìn ọdún yìí. Ìwọ náà mọ bí ilé kọfí Harvey ṣe máa rí láàárọ̀.

Nestor ní, "Àgbà eléré la ní lọ́dún yìí. A máa gba ife!"

Alphonse ọ̀rẹ́ mi ní, "Ife wo? Èyí tó wà níwájú rẹ yẹn? Bí àwọn àgbà rẹ bá lọ lóṣù kẹrin, ta ló kù? Ṣé ìwọ lo máa wọ bàtà yìnyín?"

"Bí mo bá wọ̀ ọ́, n ó sàn ju gólì tí o mú wá ṣọ́ àwọ̀n fún wa lọ́jọ́sí lọ."

O mọ èrò tèmi: ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ jókòó, kó wo àwọn àgbà, kí àkókò rẹ̀ tó tó. Garnet ṣì lọ́ra lórí ẹsẹ̀, bẹ́ńṣì kò ní pa á. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màmá rẹ fi bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní báyìí, mo máa ń sọ èrò mi síta nídìí tábìlì, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún mi pé irọ́ ni. Nítorí náà, kọ̀wé sí mi, kí o sọ ibi tí mo ti ṣì í.

Bàbá rẹ,
Metro


Melbourne
19 Oṣù Kẹwàá, 1983

Tato mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá mi. Tàbí kí n kí yín kú ìrọ̀lẹ́ àná, nítorí bí ilẹ̀ bá mọ́ bá wa níbí, àná ni ẹ ṣì wà lọ́hùn-ún. Mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ kábéèjì mẹ́ta. Kí lẹ jẹ lọ́jọ́ kejì? Ẹ kò kọ ìyẹn.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì kan níbí pé họ́kì ni wọ́n ń jà lé lórí nílé wa. Ó ní àbúrò òun obìnrin náà ń gbá a, lórí koríko, nínú yẹ̀rì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ jókòó. Tato, irọ́ ni. Ẹ gbọ́ ọ ná, mo ti sọ ọ́ nípò Màmá. Ọmọ ogún ọdún mẹ́rin! Gbogbo wọn á ti di àpótí wọn kí yìnyín tó yọ́, àwa á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a ti ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n gbá góòlù mọ́kànlá wọlé wa lọ́jọ́ kan. Bí Skaar bá fún Garnet ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú eré kọ̀ọ̀kan, yóò ṣe àṣìṣe, a ó sì pàdánù eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin nítorí rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni yóò di ẹ̀yìn mú fún wa. Kò sí ẹni tó ń kọ́ họ́kì nípa wíwo ẹ̀yìn ẹlòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fi jókòó ti Màmá, ó sọ̀rọ̀ yín díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ Garnet púpọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ máa ń dé ibi tí pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, ń lọ kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó gbé igi sókè. Ó ní ìyẹn kò ṣeé kọ́ni, ẹsẹ̀ ló ṣeé kọ́ni.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́. Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ kò ní jẹ́ kí wọ́n fi Garnet ṣe pàṣípààrọ̀ fún eléré kankan. Ẹ jẹ́ kó parí sí Zelena, nínú ilé wa. Òdìkejì ayé ni mo wà, n kò lè bá yín fọ abọ́, n kò lè bá yín pa ilẹ̀kùn dé. Ohun kan ṣoṣo tí mo bèèrè nìyí.

Ọmọ yín,
Lesia


Zelena
13 Oṣù Kọkànlá, 1983

Lesia, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ìsìn yẹn, ẹyin ni mo jẹ. Ẹyin méjì àti búrẹ́dì. Ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀?

A ti gbá eré mẹ́rìnlá, a sì ti borí nínú mọ́kànlá. Inú ìlú dùn. Nestor ń rìn bí ẹni tó gbá gbogbo góòlù náà sínú àwọ̀n fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Garnet kò gbá ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Skaar pè é sórí yìnyín. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ tí kò ju èjìká rẹ̀ lọ sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì gbá góòlù wọlé.

Ẹnì kan ké láti òkè pé, "Garnet! Wọ́n rán ọ níṣẹ́ lánàá, o ò tíì dé!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Alphonse dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn. "Ta nìyẹn? Ẹ fi í sórí bẹ́ńṣì fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dì! Ìwọ lọ jókòó sínú fìríìjì, kí o wá sáré, ká wò ọ́!"

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìlérí tí o bèèrè. Ọmọ mi, n kò lè ṣe é. Ó ti pẹ́ tí o ti kúrò nílé, o lè ti gbàgbé. Ẹni tí eléré bá ń gbé ilé rẹ̀ kì í jókòó níbi tí ìgbìmọ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀ eléré náà. Bí wọ́n bá dárúkọ Garnet, n ó dìde, n ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó máa wo àwòrán àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ lára ògiri títí wọn ó fi pè mí wọlé. Màmá rẹ gan-an ló ní ká fi í ṣe òfin, lọ́dún tí Nestor dìbò pé kí a má lé ọmọ kan tó ń gbé ilé rẹ̀, tí kò lè gbá nǹkan kan, nítorí pé ọmọ náà ń bá a fún wàrà màlúù rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ti rú òfin yìí rí.

Nílé, ọmọ náà kò yọ mí lẹ́nu. Ó ń fọ abọ́ kí n tó dìde nídìí tábìlì. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi ọkọ̀ pè é síbi ijó. Ó ní òtútù ti pọ̀ jù. Garnet, tí wọ́n bí sí ibi tí adágún ti ń dì kí oṣù kọkànlá tó wọlé! Ó jókòó, ó bá mi ta káàdì, ó jẹ́ kí n jẹ òun lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rò pé ìtìjú bẹ́ńṣì ló ń dà á láàmú.

Bàbá rẹ,
Metro


Melbourne
4 Oṣù Kejìlá, 1983

Tato mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ojú òtútù. Oòrùn ń mú níbí débi pé ọ̀dà ojú ọ̀nà ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Wọ́n ti so òwú funfun mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù pé yìnyín ni.

N kò gbàgbé òfin yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ máa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kọfí kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ẹ lè bá Alphonse sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó dé. Ẹ lè bá Skaar sọ̀rọ̀ lójú pópó. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ni pàṣípààrọ̀ máa parí, ẹ sì mọ̀ pé lẹ́tà mi lè má tún dé kó tó di ìgbà náà. Kí ẹ ṣáà sọ pé ẹ máa gbìyànjú. Ẹ kò tilẹ̀ kọ ìyẹn.

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Kérésì wa tó ń bọ̀ lóṣù kìíní. Ta ni yóò se oúnjẹ méjìlá alẹ́ Kérésì?

Ọmọ yín,
Lesia


Melbourne
29 Oṣù Kìíní, 1984

Tato,

Mo kí yín.

Lẹ́tà Àǹtí Stefka dé lánàá. N ó kọ ohun tó sọ síbí, kí ẹ lè sọ fún mi bí irọ́ bá wà níbẹ̀. Ó ní: "Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n dárúkọ Garnet, Metro kò dìde. Wọ́n ní kó jáde, ó kọ̀. Ó na ọwọ́ sókè pẹ̀lú àwọn tó ní kí ọmọ náà máa lọ, ìbò tirẹ̀ ló sì tì í jáde. Wọ́n ti fi Garnet ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọmọ ogún ọdún kan, wọ́n sì ti gbé e lọ sí Montreuil."

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí mi pé kò sí ẹni tó rú òfin yìí rí. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ̀rọ̀ fún un, ẹ ní òfin Màmá kò gbà fún yín. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lé e, òfin Màmá kò tó nǹkan mọ́.

Ṣé nítorí ife ni? Ṣé torí kí Nestor lè fi bú àwọn ará ìlú kejì ni? Àbí ojú ọmọ náà ni ẹ kò fẹ́ máa rí nínú ilé mọ́, nítorí ó ń rán yín létí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá ti gbà. Òun ni ẹni ìkẹyìn tí Màmá tọ́, Tato, kò sì tíì parí iṣẹ́ náà. Ẹ wá ran àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́.

Yàrá yẹn ti ṣófo báyìí. Mo ń rò ó lẹ́nu iṣẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún aláìsàn kan ní oògùn ẹlòmíràn lánàá.

Ẹ fèsì.

Lesia


Melbourne
16 Oṣù Kejì, 1984

Tato mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni mo ń yẹ àpótí lẹ́tà wò. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ fi ìbínú náà kọ̀wé. Bí ara yín kò bá yá, ẹ ní kí Stefka kọ ọ́.

Mo ti bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa bí ènìyàn ṣe ń kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń rò ó láti padà wálé pátápátá.

Lesia


Zelena
19 Oṣù Kejì, 1984

Lesia, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó láti fèsì, tí mo sì fa ìwé ya. N kò bínú. Ẹni tí kò mọ̀wé púpọ̀ ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì wúwo.

Ohun tí Stefka kọ, òótọ́ ni. Mo jókòó, mo na ọwọ́ mi sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni Stefka ti ṣe Kérésì, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ kẹfà oṣù kìíní.

Eré pọ̀ fún Garnet lọ́sẹ̀ náà, kò lè lọ sílé. Mo ní kí ìyá rẹ̀, Rhoda, wá bá wa jẹ Oúnjẹ Mímọ́ alẹ́ Kérésì. Ó wọ bọ́ọ̀sì wá tòun ti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, ó gbé ẹja gbígbẹ wá. Mẹ́sàn-án ni mo rí sè nínú oúnjẹ méjìlá, ẹja rẹ̀ ló sọ ọ́ di mẹ́wàá. A gbé àwo Màmá rẹ kalẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ẹni tó kú, a bu àlìkámà olóyin sínú rẹ̀. Garnet ló bù ú. Ó bu púpọ̀, bí ẹni pé ó máa jẹ ẹ́ lóòótọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, èmi àti Rhoda ń fọ abọ́. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Hawryluk, ṣé ọkàn yín ti ń balẹ̀?"

Mo ní, "Ó ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ó dára. Torí mo fẹ́ kí ọmọ mi lọ gbá họ́kì."

"Ṣé kò ń gbá a níbí ni?"

Ó wò mí. Ó ní, "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa họ́kì, àmọ́ bí ẹnì kan bá jókòó, mo mọ̀ pé ó jókòó."

Òun ló wá sọ fún mi. Montreuil, tí kò ju wákàtí kan lọ sí ilé wọn, ti bèèrè Garnet láti oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní òun ni yóò máa gbá jù nínú àwọn tó ń dí ẹ̀yìn. Skaar ti gbà. Garnet ló lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun sílẹ̀ ní Zelena, kódà bó bá jẹ́ orí bẹ́ńṣì. Màmá rẹ ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ lóṣù kẹfà, ó sì ti mú un ṣèlérí pé kò ní fi mí sílẹ̀ nígbà òtútù àkọ́kọ́.

Abọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, Lesia. N kò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Mo pe Garnet. Mo ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ kí ni?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi ni adití níbí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Ó ní, "Mo ṣèlérí fún Missus, Gido. Ó ní kí n rí i pé ẹ ń jẹun, kí ẹ má sì dá wà."

"Missus kì í ṣe kóòṣì."

"Ó mọ họ́kì ju Skaar lọ."

"Bí ó bá rí ọ lórí bẹ́ńṣì yẹn báyìí, kí ló máa sọ?"

Ó ní, "Mi ò lọ," ó sì gòkè.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń sọ pé ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ jókòó. N kò ronú rí pé èmi ni ẹnì kan lè torí rẹ̀ jókòó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti òkè yẹn, nítorí kí n lè rí ẹni bá mi ta káàdì ni.

Montreuil tún bèèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n fẹ́ fi ọmọ tó ń gbá góòlù wọlé, Darrell Fehr, sílẹ̀ fún wa. Skaar ní òun kò ní fi ipá mú ọmọ náà, kí ìgbìmọ̀ dìbò. Méje ni wá. Mo mọ àwọn mẹ́ta tó fẹ́ Fehr, mo sì mọ̀ pé Alphonse àti àwọn méjì máa ní kí Garnet dúró. Bí mo bá jáde, á di mẹ́ta sí mẹ́ta, bí ìbò bá sì dọ́gba, eléré kì í lọ.

Nestor ló ń darí ìpàdé. Ó ní, "Metro, ó kan Garnet. Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kàn án."

Alphonse bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo jókòó láti gbà á sílẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀! Inú Tekla ìyàwó rẹ̀ á dùn." Nígbà tí mo wá nawọ́ pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yòókù, ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Kò tíì bá mi mu kọfí láti ọjọ́ náà. Mo kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ kí n tó dìde, sí ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn eléré sí, nítorí ẹni tó rú òfin yẹn kò yẹ kó tún jókòó níbẹ̀. N kò sọ ìdí fún wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà àti Màmá rẹ ni, kì í ṣe ti ilé kọfí.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ síbi bọ́ọ̀sì. Ó gbé àpótí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ títí a fi dé ibẹ̀.

Ó ní, "Ẹ lé mi."

Mo ní, "Mo lé ọ."

"Ta ló máa bá yín jẹun?"

"Màá bá Stefka jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Lọ, kí o lọ ṣe àṣìṣe tìẹ."

Ó dì mọ́ mi tòun ti bàtà yìnyín tó so kọ́ ọrùn. Irin rẹ̀ gé mi lágbọ̀n, ojú ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiná ni.

N kò ní purọ́ fún ọ. Ilé dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń jẹ búrẹ́dì lẹ́nu, èmi tí n kì í gbọ́ nǹkan. Bí o bá ṣì ń bínú, máa bínú. Ṣùgbọ́n kọ̀wé.

Bàbá rẹ,
Metro


Melbourne
6 Oṣù Kẹta, 1984

Tato mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá bẹ èmi náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ní ilé ìwòsàn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má padà sí Melbourne, kí n dúró tì yín títí òtútù yóò fi kọjá. Mo ní n ó rò ó. Ẹ̀yin náà rí i, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni mo wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé Garnet ti padà wá, mo sunkún, ara sì tù mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í pààrọ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ eléré ọ̀dọ́ àti ti ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó dàgbà ni, Tato. Mo fẹ́ kó jókòó síbẹ̀ fún mi.

Mo fẹ́ràn Màmá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ náà lórí. Ó ń bẹ̀rù fún yín ni.

Fọ́ọ̀mù ìfiṣẹ́sílẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, n ó dé lóṣù kẹfà.

Ọmọ yín,
Lesia


Zelena
25 Oṣù Kẹta, 1984

Lesia, ọmọ mi,

Mo kí ọ, ọkàn mi sì fúyẹ́. Kò sí ohun tí mo fẹ́ forí jì ọ́ lé lórí. Màmá rẹ bẹ ẹni méjì, ó sì yẹ kí ó ti bi èmi náà léèrè. Ǹ bá ti sọ fún un pé mo lè se ẹyin.

Fa fọ́ọ̀mù yẹn ya. Bí o bá ní ìsinmi, wá kí mi, wá jẹun, wá bá mi jà. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí nǹkan kan wà níbí tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ ṣe, máa bọ̀, n ó wá pàdé rẹ. Ṣùgbọ́n má wá jókòó nítorí mi. Ọ̀kan ti ṣe ìyẹn, ó ti tó.

Wọ́n ti lé àwọn Apakà jáde. Fehr gbá góòlù mẹ́tàdínlógún fún wa, ó sì gbá wọn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó kan eré tó ṣe pàtàkì, wọ́n fún wa ní mẹ́rin sí òdo. Ife Nestor ṣì ni ti kọfí.

Alphonse wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ìyá ọmọ náà ti kọ̀wé sí ìyàwó Nestor, a ti gbọ́. Ìwọ alágídí yìí, o ò lè sọ fún mi?"

Mo ní, "O ò bi mí."

"Mo bi ọ́! Mo pariwo lé ọ lórí ní ìta gbọ̀ngàn!"

"Apá etí tó dití lo bá sọ̀rọ̀."

Ó bọ́ bàtà. Ó mu kọfí méjì, ó sì jẹ gbogbo búrẹ́dì mi tán.

Garnet náà kọ̀wé, ìlà mẹ́rin péré. Ó ń gbá tó ìdajì nínú eré kọ̀ọ̀kan báyìí. Nínú eré ìkẹyìn wọn, ó fi pọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún ọ̀tá níwájú àwọ̀n tiwọn, wọ́n gbá a wọlé, Montreuil sì pàdánù. Ó ní òun rò pé òun máa rí bẹ́ńṣì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kóòṣì gbá a lẹ́yìn, ó ní, "Padà sórí yìnyín." Ìlà kẹrin, ó ní: "Kí lẹ jẹ lónìí?" Mo ti fèsì fún un.

Lánàá, ìyàwó Nestor mú orúkọ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lóṣù kẹjọ wá. Gólì kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ìyá rẹ̀ ní kì í jẹ kábéèjì. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ máa gba eléré, torí kò sí ẹni tó máa bá mi wí bí mo bá ní ó ti tó. Mo ní kó kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá dé, n ó sọ fún un pé kò sí ìlérí kankan tó so ó mọ́ ilé yìí, àfi kó máa jẹun kó sì máa gbá họ́kì. Bí òun bá lọ, n ó gba òmíràn. Mo ṣèlérí fún ọ, Lesia, pé n ó máa gbà wọ́n níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi bá ṣì lè gbé ìkòkò.

Bàbá rẹ,
Metro